Ògiri lanu, ilé ò wó: ìtọ́sọ́nà fún ṣíṣírò àdánù owó lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, ilẹ̀ mì nítòsí ìlú Christchurch ní orílẹ̀-èdè New Zealand. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 7.1. Ògiri ya, àwọn ihò èéfín orí òrùlé já lulẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ṣì dúró. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 2011, ilẹ̀ tún mì. Ìwọ̀n tọ̀tẹ̀ yìí kò ju 6.2 lọ. Òun ló pa èèyàn 185, òun ló sì sọ àárín ìlú náà di ibi tí wọ́n fi wáyà yí ká fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Ìjọba ibẹ̀ fojú bù ú pé àtúnkọ́ gbogbo ohun tí àwọn ìmìtìtì náà bàjẹ́ lè gba nǹkan bíi bílíọ̀nù 40 owó dọ́là tiwọn.

Mo fi ìyẹn ṣáájú nítorí ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí, “Mélòó ni ìmìtìtì náà?”, bí ẹni pé nọ́ńbà yẹn ló máa san owó bíríkìlà.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó fẹ́ mọ bí a ṣe ń ti ara ògiri tó lanu dé orí iye owó tí a lè fi síwájú báǹkì, ilé-iṣẹ́ adójútòfò tàbí ìjọba. Ẹ fi ohun kan sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ: ilé tó wó pátápátá ló rọrùn jù láti ṣírò. Èyí tó dúró, tó sán níhìn-ín lọ́hùn-ún, tí ẹnikẹ́ni ò lè sùn nínú rẹ̀, òun ni owó ti máa ń jò lọ láìsí ẹni tó rí i.

Ìgbésẹ̀ 1: Ta lẹ̀ ń ṣírò fún?

Lẹ́yìn ìmìtìtì ọjọ́ 6 oṣù kejì ọdún 2023 ní Tọ́kì, oṣù yẹn ò tíì parí tí Báǹkì Àgbáyé ti gbé iye tiwọn jáde: bílíọ̀nù dọ́là 34.2. Nígbà tó di oṣù kẹta, ìjọba Tọ́kì gbé tiwọn náà jáde: nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 103.6. Ẹni tó bá kà á gààràgà á ní ọ̀kan nínú wọn ń parọ́. Kò sẹ́ni tó parọ́. Ìbàjẹ́ ojúkojú, ìyẹn ilé àti àwọn nǹkan bí ọ̀nà àti páìpù omi, ni Báǹkì Àgbáyé kà. Ìjọba fi owó tí kò wọlé mọ́, ìnáwó pàjáwìrì àti àwọn ẹrù mìíràn lé e.

Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ta ló ni àdánù tí mo ń kà? Onílé ni, ayálégbé ni, adójútòfò ni, àbí ìlú lápapọ̀? Iye ọjà ọjọ́ wo ni mo ń lò? Kí ni mo fi sínú, kí ni mo yọ sílẹ̀?

Ẹ sì ya ọ̀nà méjì sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbàjẹ́ ni ohun tó fọ́, tí a máa ná owó lé lórí lẹ́ẹ̀kan. Owó tó dáwọ́ dúró ni èkejì: owó ilé tí kò wọlé, ṣọ́ọ̀bù tí kò ṣí, òṣìṣẹ́ tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn tí ìmìtìtì ba ìlú Managua jẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 1972 ni àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọrọ̀ ajé Latin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í to ìṣirò lọ́nà méjì yìí, òun náà la ṣì ń tẹ̀ lé títí dòní.

Ìgbésẹ̀ 2: Bí ilẹ̀ ṣe mì lábẹ́ ilé yẹn gan-an

Ìwọ̀n tí rédíò máa ń kà dà bí agbára tí onílù fi lu ìlù. Ohun tó kan ilé ni bí ìlù náà ṣe dún létí tirẹ̀. Ìmìtìtì oṣù kejì ọdún 2011 kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Christchurch gan-an ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀.

Àjọ USGS, tó ń rí sí ìmọ̀ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, máa ń gbé àwòrán ìlú jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ìmìtìtì ńlá, tó ń fi hàn bí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ṣe mì tó. ShakeMap ni wọ́n ń pè é, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wá ibi tí ilé yín bọ́ sí lórí rẹ̀, kí ẹ sì béèrè irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ àpáta kì í jó bí ilẹ̀ àbàtà. Níbi tí iyanrìn àti omi bá pọ̀ lábẹ́, ìmìtìtì á pò wọ́n pọ̀, ilẹ̀ tí ọkọ̀ ń gbà kọjá lánàá á di bí ẹ̀kọ gbígbóná, ilé á sì rì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní Christchurch, àwọn àdúgbò kan rí bẹ́ẹ̀ débi pé ìjọba ra ilé tó súnmọ́ 8,000 lọ́wọ́ àwọn onílé, wọ́n sì kó wọn kúrò níbẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé yẹn ṣeé tún ṣe. Ilẹ̀ wọn ni kò ṣeé gbé mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ka ilé, kó o sì mọ irú wọn

Bó bá jẹ́ ilé kan ṣoṣo, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Bó bá jẹ́ ìlú, ẹ ó to àwọn ilé sí ẹgbẹ́-ẹgbẹ́: kí ni wọ́n fi kọ́ ọ, àjà mélòó ni, ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, kí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ọdún ìkọ́lé ṣe pàtàkì ju bí ojú ṣe rí i lọ, torí pé òfin ìkọ́lé máa ń yí padà lẹ́yìn àjálù kọ̀ọ̀kan. Ilé méjì lè jọra bí ìbejì lójú títì, kí irin inú pílà ọ̀kan má tó ìdajì ti èkejì.

Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tó ń ṣe èyí fún gbogbo ìlú: Hazus tí FEMA, àjọ tó ń rí sí pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1997, àti OpenQuake tí GEM, àjọ tó ń ṣe ìwádìí ewu ìmìtìtì, ṣe ní Pavia, ní Ítálì. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tẹ́ ẹ bá bù sínú wọn náà ni wọ́n á sè fún yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Iye tí àtúnkọ́ rẹ̀ yóò ná

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Kì í ṣe iye tí wọ́n máa ta ilé náà lẹ̀ ń wá. Ilẹ̀ wà nínú iye títà, ilẹ̀ kì í sì í sábà fọ́. Iye tí agbaṣẹ́ṣe máa gbà láti tún irú ilé kan náà kọ́ síbẹ̀ lónìí lẹ̀ ń wá. Ẹ wọn fífẹ̀ gbogbo àjà, kí ẹ sọ ọ́ di iye mítà onígun mẹ́rin, kí ẹ sì sọ ọ́ di ìlọ́po iye tí mítà kan ń ná ní ìlú náà. Ẹ bi àwọn QS, ìyẹn àwọn tó ń ṣírò owó ìkọ́lé, mẹ́ta, ẹ má bi ẹyọ kan.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ yọ ẹwà náà kúrò. Bí ilé tó bàjẹ́ bá jẹ́ onípáànù àtijọ́, tí wọ́n sì fẹ́ fi dẹ́kìn àti táìsì òkè òkun rọ́pò rẹ̀, owó tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe àdánù, ìgbéga ni. Ẹ kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀. Ohun kan ló yàtọ̀: bí òfin tuntun bá pàṣẹ pé irin gbọ́dọ̀ nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, onílé ò yan ìyẹn, owó náà á sì kúrò lápò rẹ̀. Èmi máa ń fi í sínú ìnáwó àtúnkọ́, màá sì fi àmì sí i kó má baà dàpọ̀ mọ́ ìbàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ wọlé lọ wò ó

Ẹ má tíì wọlé o. Ẹ kọ́kọ́ dúró ní òdìkejì títì. Ṣé ilé náà dúró gbọọrọ? Ẹ fi okùn plọ́mbù bíríkìlà wò ó bí kò bá dá yín lójú. Ṣé ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ògiri ò pọ̀ níbẹ̀, tí àjà òkè sì wúwo? Irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Bí ẹnjiníà ò bá tíì sọ pé ó ṣeé wọ̀, ojúde ni iṣẹ́ yín parí sí lọ́jọ́ náà.

Nínú ilé, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, rúlà, ṣọ́ọ̀kì àti fóònù dání. Ẹ wo ara ògiri láàárín fèrèsé àti fèrèsé: ìlà tó gbé ara lé ara wọn bí ẹsẹ̀ àga onítìpá ń sọ fún yín pé ilé náà lọ sọ́tùn-ún, ó bọ̀ sósì, ògiri yẹn ló sì gba ìyà rẹ̀. Ẹ fi rúlà síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò. Ìlà tín-ín-rín bí irun orí kò ju iṣẹ́ ọ̀dà lọ. Èyí tí owó ẹyọ lè wọ̀ nílò ẹnjiníà. Èyí tí ìka yín lè wọ̀, ẹ máa sún sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ síbi tí pílà ti pàdé bíìmù. Bí kọnkéré ibẹ̀ bá ti já bọ́, tí irin sì ti wú jáde bí agbọ̀n tó tú, egungun ilé ti ṣẹ́ nìyẹn, bí ògiri ìyókù tilẹ̀ ń dán. Ẹ gbé bọ́ọ̀lù kékeré kan sílẹ̀ ní àárín yàrá. Bó bá yí lọ sí ìkángun kan fúnra rẹ̀, ìpìlẹ̀ ti rì. Ẹ gbìyànjú gbogbo ilẹ̀kùn: èyí tí kò padé mọ́ máa ń sọ ohun tí ọ̀dà bò mọ́lẹ̀.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìmìtìtì ló dá ìlà yẹn sílẹ̀, tàbí ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀dà, eruku dúdú tàbí òwú aláǹtakùn nínú rẹ̀, ògiri náà ti lanu kí ilẹ̀ tó mì. Ìlà tuntun máa ń mú létí, inú rẹ̀ á sì funfun bí ẹ̀kọ. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ó ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín onílé àti adójútòfò ju ohunkóhun mìíràn tí mo mọ̀ lọ.

Ẹ wo òkè àjà náà, torí pé ibẹ̀ ni owó wà. Nínú ilé ọ́fíìsì ní Amẹ́ríkà, egungun ilé, ìyẹn pílà, bíìmù àti dẹ́kìn, kì í ju nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 owó ìkọ́lé lọ. Ní hòtẹ́ẹ̀lì, ó tó 13. Ní ilé ìwòsàn, 8. Àwọn ìyókù ni àjà, ògiri tó pín yàrá, páìpù, wáyà, ẹ̀rọ amúlétutù, gíláàsì. Páìpù kan tó já lókè lè rọ omi sí àjà mẹ́ta, kí gbogbo pílà sì wà bí wọ́n ṣe wà. Egungun gan-an náà lè tàn yín jẹ: lẹ́yìn ìmìtìtì Northridge ní California, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé onírin ti sán, àmọ́ ohun ìdáàbòbò iná tí wọ́n fi bò ó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Oṣù lẹ́yìn oṣù ni iye tí àwọn adójútòfò máa san ń gòkè, títí ó fi tó nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 15.

Nígbà tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ fi ilé náà sí ìpele kan. Ní Yúróòpù, ìpele márùn-ún ti EMS-98 ni wọ́n ń lò: láti ìpele 1, tí ìlà tín-ín-rín nìkan wà lára rẹ̀, títí dé ìpele 5, tí ilé ti wó tán tàbí tó kù díẹ̀. Hazus ní: kò sí ìbàjẹ́, díẹ̀, mọ níwọ̀n, púpọ̀, pátápátá. Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má kúrò lórí rẹ̀.

Ẹ má sì fi káàdì aláwọ̀ tí àwọn tó ń yẹ ilé wò lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ṣe ìṣirò owó. Káàdì pupa túmọ̀ sí pé ó léwu láti wọlé, ìyẹn nìkan. Ilé kan lè gba pupa nítorí pé ògiri aládùúgbò fẹ́ wó lù ú, kí òun fúnra rẹ̀ má ní ju àwo mẹ́ta tó fọ́ lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Sọ ìbàjẹ́ di owó

Ẹ jẹ́ ká mú ilé àfinúrò kan: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta, fúláàtì mẹ́fà, mítà onígun mẹ́rin 600, tí mítà kan ń ná dọ́là 1,500. Àtúnkọ́ rẹ̀ látìpìlẹ̀ jẹ́ dọ́là 900,000.

Ká ní ìmìtìtì ò tíì ṣẹlẹ̀, à ń múra sílẹ̀ dè é ni. Fún ìwọ̀n mímì kan tó le, ẹnjiníà sọ fún wa pé ó ṣeé ṣe kí ilé náà bọ́ sí ìpele kọ̀ọ̀kan báyìí: kò sí ìbàjẹ́, 20 nínú 100, díẹ̀, 30, mọ níwọ̀n, 30, púpọ̀, 15, pátápátá, 5. Ìdá owó àtúnṣe tí Hazus fi sí ìpele wọ̀nyí nìyí: díẹ̀, 2 nínú 100 owó àtúnkọ́ ilé, mọ níwọ̀n, 10, púpọ̀, bí 50, pátápátá, 100.

Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, kí ẹ pín in sí 100, kí ẹ sì rò wọ́n pọ̀:

- díẹ̀: 30 lọ́nà 2 = 0.6
- mọ níwọ̀n: 30 lọ́nà 10 = 3.0
- púpọ̀: 15 lọ́nà 50 = 7.5
- pátápátá: 5 lọ́nà 100 = 5.0

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 16.1 nínú 100. Nínú 900,000, ìyẹn jẹ́ dọ́là 144,900. Bó bá jẹ́ pé ìmìtìtì ti ṣẹlẹ̀, tẹ́ ẹ sì ti rí ilé náà, ẹ ò nílò ìṣeéṣe mọ́: ẹ mú ìdá ìpele tó wà, tàbí kẹ́ ẹ kúkú ka àtúnṣe náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí QS ṣe ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún wa nílé. Ilé onípákó ló pọ̀ jù ní California, tábìlì ìdá owó tí wọ́n ṣe fún ibẹ̀ sì mọ pákó dunjú. Ilé bulọ́ọ̀kù tí kò ní irin tó ní Accra, ìlú tí ìmìtìtì tó tó nǹkan bí 6.5 kọlù ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1939, tàbí ní Mpape l'Ábújá tí ilẹ̀ ti mì tìtì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, kò lè wọ aṣọ tí wọ́n rán fún pákó. Bulọ́ọ̀kù kì í tẹ̀, ṣe ló máa ń já. Ẹ wá ìdá tí wọ́n ṣe fún irú ilé yẹn.

Wàyí o, ẹ padà sí ìlà “púpọ̀”. A ti sọ pé ilé tó bọ́ síbẹ̀ máa ná ìdajì owó rẹ̀ láti tún ṣe. Ṣé onílé á wá tún un ṣe lóòótọ́? Ní Christchurch, ilé tó lé ní 1,000 ni wọ́n wó dànù ní àárín ìlú, púpọ̀ nínú wọn kò sì wó fúnra wọn, kódà ẹnjiníà lè tún wọn ṣe. Ìwé àdéhùn adójútòfò jẹ́ kó rọrùn láti gba owó gbogbo ilé, kò sẹ́ni tó mọ iye tí àtúnṣe máa jẹ́ gan-an, àdúgbò sì ti di ahoro. Wọ́n gba owó, wọ́n pe katapílà. Bí a bá gbà pé ìdajì àwọn tó bọ́ sí “púpọ̀” máa di wíwó, 7.5 yẹn di 11.25, gbogbo rẹ̀ di 19.85 nínú 100, owó náà sì di 178,650. Kò sí pílà kan tó ṣẹ́ kún ti tẹ́lẹ̀. Ìpinnu èèyàn ló fi dọ́là 33,750 lé e.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹrù inú ilé

Hazus gbà pé ẹrù ilé gbígbé tó ìdajì owó àtúnkọ́ ilé, ti ọ́fíìsì tó owó àtúnkọ́ ilé gan-an. Ìdá tó ń bàjẹ́ nínú ẹrù jẹ́ 1, 5, 25 àti 50 nínú 100 fún ìpele mẹ́rin yẹn. Kódà nínú ilé tó bàjẹ́ pátápátá, wọ́n gbà pé èèyàn á rí ìdajì ẹrù kó jáde. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹrù jẹ́ 450,000, ìdá rẹ̀ 8.05 nínú 100: dọ́là 36,225. Bí ilé náà bá jẹ́ ilé ìwòsàn tàbí ilé ìṣúra ohun ìgbàanì, ẹ gbàgbé ìdá yìí, ẹ ka ẹrù náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ 8: Ọjọ́ tó ń kọjá lọ

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà jù, torí pé òun ni wọ́n máa ń fojú fò.

Ọjọ́ tí bíríkìlà fi ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni gbogbo ọjọ́ tí ilé fi ṣófo. Ẹ kọ́kọ́ dúró de ẹnjiníà tó máa wò ó, ìlú sì ń jà du ẹnjiníà mẹ́wàá. Ẹ dúró de adójútòfò. Ẹ dúró de báǹkì. Ẹ dúró de ìwé àṣẹ. Ẹ dúró de agbaṣẹ́ṣe tó ti gba iṣẹ́ ogún sílẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé yín ò tilẹ̀ ní àìsàn kan: ní Christchurch, Hotel Grand Chancellor, ilé gogoro àárín ìlú, fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ̀rù sì ba gbogbo èèyàn pé ó máa wó. Àwọn ilé tó yí i ká ò lè ṣí, bí nǹkan kan ò tilẹ̀ ṣe wọ́n. Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tó ń pa owó lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ ó wá inú ìwé ìbàjẹ́ tì kí ẹ tó rí orúkọ rẹ̀.

Fún ilé wa, ká fi oṣù 4 sí ìbàjẹ́ mọ níwọ̀n, oṣù 10 sí èyí tó bàjẹ́ púpọ̀ tí wọ́n tún ṣe, oṣù 24 sí èyí tí wọ́n wó tí wọ́n sì tún kọ́. Nípa ìṣeéṣe tiwọn (30, 7.5 àti 12.5 nínú 100), àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ oṣù 4.95. Fúláàtì mẹ́fà ní 1,200 lóṣù jẹ́ 7,200. Owó ilé tí kò wọlé: dọ́là 35,640.

Ìgbésẹ̀ 9: Àwọn tó fara pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn

Wíwó ilé àti kíkó àwókù dànù, ká ní ó jẹ́ 60,000 nígbàkígbà tí wọ́n bá wó o. Ìṣeéṣe rẹ̀ jẹ́ 12.5 nínú 100, ìyẹn 7,500.

Èkejì ni ọ̀wọ́n gógó. Nígbà tí ilé ẹgbẹ̀rún bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, bíríkìlà tó ń bẹ̀ yín fún iṣẹ́ lánàá á ní kẹ́ ẹ dúró lórí ìlà. Sìmẹ́ǹtì á wọ́n, irin á wọ́n, owó yàrá àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti òkèèrè á gòkè. Ká fi 20 nínú 100 lé owó àtúnṣe: 35,730. Bó bá jẹ́ ilé ẹyọ kan ló bàjẹ́ nínú ìlú tó wà ní pípé, ẹ má fi kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ rò ó pọ̀: 178,650, 36,225, 35,640, 7,500 àti 35,730. Ó di dọ́là 293,745. A bẹ̀rẹ̀ láti 144,900.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ má ka ewúrẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, mo ka owó ilé tí kò wọlé fún onílé, mo sì tún ka gbogbo owó tí ayálégbé ń san níbi tó sá lọ. Ọ̀gá mi wo ìwé náà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ṣé ayálégbé yìí ń san owó ilé méjì ni?” Owó tí kò san níhìn-ín ló ń san lọ́hùn-ún. Àdánù tiẹ̀ kò ju owó ìkẹ́rù àti ohun tí ilé tuntun fi wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Bákan náà, bí iye títà ilé bá já wálẹ̀ nítorí pé ó nílò àtúnṣe, ẹ má ka àtúnṣe àti ìjáwálẹ̀ náà pọ̀. Owó adójútòfò kì í pa àdánù ìlú rẹ́, ṣe ló ń gbé ẹrù láti orí ẹnì kan sí orí ẹlòmíràn. Àfi bí owó náà bá ti òkè òkun wá, bí púpọ̀ nínú èyí tó wọ Christchurch.

Ìgbésẹ̀ 11: Adójútòfò, àti páńpẹ́ tó wà níbẹ̀

Ní California, adójútòfò ìmìtìtì sábà máa ń ní kí onílé kọ́kọ́ gbé ìdá kan nínú owó àtúnkọ́ ilé fúnra rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ 15 nínú 100, ìyẹn 135,000 fún ilé wa. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á mú 144,900 ti ìdá àkọ́kọ́, wọ́n á yọ 135,000, wọ́n á ní adójútòfò máa san 9,900. Irọ́ gbuu ni.

Ẹ gbà á ní ìpele-ìpele. Ìbàjẹ́ díẹ̀ jẹ́ 18,000, mọ níwọ̀n jẹ́ 90,000. Méjèèjì ò dé 135,000, adójútòfò ò san nǹkan kan. Púpọ̀ jẹ́ 450,000: ó máa san 315,000, lọ́nà 15 nínú 100, ìyẹn 47,250. Pátápátá: 765,000 lọ́nà 5 nínú 100, ìyẹn 38,250. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 85,500. Ẹni tó bá fi 9,900 ta ìwé adójútòfò á kógbá sílé lọ́jọ́ tí irú mímì bẹ́ẹ̀ bá dé.

Ohun kan náà ló ń sọ fún wa pé kò sí ọjọ́ tí ilé yìí máa ná 144,900. Ó lè jẹ́ òdo, ó lè jẹ́ 18,000, ó lè jẹ́ 900,000. Fún ilé ẹgbẹ̀rún, àròpọ̀-pín yìí wúlò. Fún onílé kan, ẹ kọ gbogbo ìpele náà sílẹ̀ fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i.

Ìgbésẹ̀ 12: Iye ọdún kan

Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó yẹ kóun náwó láti fún ilé òun lágbára, ó nílò àdánù ọdún kọ̀ọ̀kan. Ká ní mímì tó le bẹ́ẹ̀ máa ń wáyé lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 500: 293,745 pín sí 500 jẹ́ 587. Mímì àárín, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 200, tó ń ba 80,000 jẹ́: 400. Mímì kékeré, lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 50, tó ń ba 6,000 jẹ́: 120. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,107 lọ́dún. Ẹ wò ó: àwọn kékeré méjì tí kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ wọn ló fẹ́ẹ̀ kó ìdajì. “Lẹ́ẹ̀kan ní ọdún 500” ò sì túmọ̀ sí pé ó di ọdún 500 kó tó tún dé o. Ó lè dé lọ́la, kó tún dé lọ́túnla.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i

Ẹ fi ọjọ́ iye ọjà sí orí ìwé náà, kí ẹ kọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ iye àárín. Ẹ má fi owó díwọ̀n ìyà: ìmìtìtì Haiti ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010 pa èèyàn tó lé ní 100,000, bílíọ̀nù dọ́là 7.8 ni wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí, iye tó kéré gan-an sí ti Christchurch. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Haiti pa wọlé ní ọdún 2009 ò tó o. Ìdá 120 nínú 100 rẹ̀ ni.

Ẹ ṣì máa padà lọ sílé náà. Ilẹ̀ kì í mì lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́. Ní New Zealand nígbà náà, àjọ ìjọba tó ń dójú tòfò ìmìtìtì máa ń san tó 100,000 dọ́là ibẹ̀, pẹ̀lú owó orí ọjà lórí rẹ̀, fún ìmìtìtì kọ̀ọ̀kan, kí adójútòfò àdáni tó gba ìyókù. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wá di èwo ló ṣẹlẹ̀ nígbà wo: ìlà yìí, ṣé ti oṣù kẹsàn-án ni àbí ti oṣù kejì? Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi jà á. Nítorí náà, lẹ́yìn mímì kọ̀ọ̀kan, ẹ padà síwájú ògiri yẹn, ẹ gbé rúlà kan náà sí ojú ìlà kan náà, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ sí ibi tí ìlà náà dé, kí ẹ sì tún ya fọ́tò rẹ̀.